Garawa Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Wolé-wolé

Ní òpópó Ifẹ́sọwàpọ̀, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Pleasure, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ròyìn olóògbé Alàgbà Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ti àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá náà fi omi àti ọṣẹ gba ọkùnrin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ lù ú pa.

Ọdún kòrónà ni, ní àkókò kónílé-ó-gbélé. Ìròyìn ti kún orí Wáásáàpù pé àwọn olè ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn, gbogbo ọkùnrin sì ń fi igi àti àdá ṣọ́ òpópó wọn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n mú ọkùnrin kan tí ó ń sáré kọjá, tí ó há àpò kan mọ́ abíyá. Kí ó tó la ẹnu, ariwo "Olè! Olè!" ti gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ dé iwájú ilé Alàgbà Ọmọ́tọ́ṣọ́. Bàbá jáde, ó mú ọ̀pá gígùn rẹ̀ dání, ó sì dúró sí àárín títì.

"Ta ló ti fọ ọwọ́ nínú yín?"

"Bàbá, olè la mú!"

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ń bọ̀? Ṣé ẹ mọ ẹni tó bọ̀ lọ́wọ́ lánàá? Ẹ fẹ́ fi ọwọ́ lásán na ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, lásìkò kòrónà! Ó yá, ẹ tò. Kí àyè tó tó ọ̀pá yìí wà láàárín yín. Ẹni tí kò bá fọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ na ẹnikẹ́ni níwájú ilé mi."

Wolé-wolé ìjọba ni bàbá náà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kí ó tó fẹ̀yìn tì wá sí Èkó. Ohùn tí ó fi máa ń bá àwọn tí tanwíjí wà nínú àmù wọn wí ni ó fi sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wo ojú ara wọn, wọ́n sì tò síwájú garawa tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ, èyí tí ó máa ń gbé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀. "Àárín ìka ńkọ́? Ẹ̀yìn ọwọ́ ńkọ́? Ìwọ, padà sẹ́yìn, ìwọ kò fọ̀ ọ́, o kàn fi omi hàn án ni!" Kí ìlà náà tó dé ìdajì, ìbínú ti ń tutù. Nígbà tí ó kan ọmọkùnrin tí ń jẹ́ Goodluck, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo ojú olè náà dáadáa. "Háà! Ṣebí Qasim tó bá wa tẹ́ táìlì ṣọ́ọ̀ṣì nìyí?" Qasim ni lóòótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rọbí, aṣọ ọmọ tuntun ló sì wà nínú àpò. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá nìkan ni kò bẹ̀ ẹ́, ó na ọ̀pá sí garawa, ó ní, "Fọ tìrẹ náà, kí o tó lọ gbé ọmọ."

Alhaja Kafilat, tí ilé rẹ̀ dojú kọ ti bàbá, wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó yẹ kí ó yin bàbá. Ohun tí ó kọ sórí Wáásáàpù òpópó náà ni pé: "Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe olè. Olè gidi ì bá ti gbé garawa yẹn lọ."

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Alhaja ń rántí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn kòrónà, nígbà tí Fawas, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, pè é lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yọ nọ́ńbà Bàbá Wolé-wolé kúrò nínú gúrúùpù wa."

"Kí ni nọ́ńbà ṣe fún ẹ?"

"Ẹ ò tíì rí i ni? Bàbá ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí."

Bàbá tí wọ́n ti sin sí ìlú rẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá! Alhaja wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú, ó sì ṣí fóònù. Òótọ́ ni. Lábẹ́ orúkọ Bàbá Wolé-wolé, a kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni gbogbo yín?" Ìyá Esther ti fi ẹ̀jẹ̀ Jésù dáhùn. Ṣàíbù, tí ó máa ń sọ pé òun kò bẹ̀rù ohunkóhun, ti jáde kúrò nínú gúrúùpù láìdágbére. Lẹ́yìn náà ni àlàyé tó dé: ilé iṣẹ́ fóònù ti ta nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ fún ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Happiness, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Àkúrẹ́.

"Ẹ rí i báyìí," ni Fawas wí. "Àlejò ni. A ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń pariwo nígbà náà pé kí n yọ bàbá."

"Nígbà yẹn, bàbá wà láyé, wọ́n ń gbọ́ mi," ni Alhaja dáhùn. "Má tíì yọ ọ́. Fún mi di ìrọ̀lẹ́."

Kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún Fawas. Ìdílé Alhaja ló ni ilẹ̀ tí ìdajì òpópó náà wà, ṣùgbọ́n nínú ilé rẹ̀ gan-an, òun nìkan ló kù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Fàdìlàt ọmọ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, àwọn yòókù sì ti rékọjá òkun. Bí Fawas bá yọ nọ́ńbà náà, kò ní sí ibì kankan mọ́ ní gbogbo ayé tí a ti lè bá Bàbá Wolé-wolé jà.

Ìjà náà dùn púpọ̀ ní àkókò rẹ̀. Alhaja gbà nígbà náà pé àìsàn àwọn tí ń wọ bàálù ni kòrónà. "Èmi tí mi ò kọjá ọjà Ṣàṣà láti ọdún tó kọjá, níbo ni kòrónà ti fẹ́ mọ̀ mí? Oòrùn Èkó ń bẹ, ata rodo ń bẹ. Àrùn wo ló máa yè é?" Ó ń fi gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn: kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a fa ooru ewé símú, kí a má ṣe gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ òpó ìbánisọ̀rọ̀. Àwọn ará òpópó ń na àtàǹpàkò sókè fún un.

Bàbá kì í kọ èsì. Ohùn rẹ̀ ni ó máa ń gbà sílẹ̀, nítorí ó kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́ kí àgbàlagbà máa fi ìka bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò sì lè sọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn. "Ẹ̀yin onílé, ẹ kú ilé. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kú ìfaradà. Ìyá Esther, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀, ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò gba ààwẹ̀, ẹ kú ebi." Yóò kí ẹni tí òkú ṣe, yóò kí ẹni tí iná kò sí ní ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wúkọ́: "Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa àrùn yìí ni pé..." Ibẹ̀ ni ó máa ń rẹ àtàǹpàkò rẹ̀, tí yóò yọ kúrò lórí fóònù, tí ohùn náà yóò sì lọ láìparí. Kòrónà dé, kòrónà lọ, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ.

"Bàbá, ẹ ti kí wa tán," ni Alhaja máa ń kọ. "Ó ku ọ̀rọ̀. Fawas, yọ bàbá yìí jàre!"

Ìbòmú bàbá tún wà níbẹ̀. Ara ṣòkòtò kákí tí ó fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé ni ó ti rán an, kò sì gé àpò rẹ̀ kúrò, ó ní òun yóò máa fi orógbó sí i. Aṣọ náà nípọn débi pé ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ kìlọ̀, yóò fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n, yóò sì pariwo pé, "Ẹ wọ ìbòmú yín!" Alhaja ya àwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e sórí Fesibúùkù, títí tí àwọn alábàárù Ṣàṣà fi mọ̀ ọ́n. Bàbá kò bínú. Ó ránṣẹ́ pé kí Alhaja tún òmíràn yà, èyí tí òun yóò ti wọ ìbòmú bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ kejì, ó fà á sókè dé abẹ́ ojú, kò rí ilẹ̀ mọ́, ó sì bọ́ sínú gọ́tà. Èyí náà ni Alhaja yà.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, Alhaja fi fídíò kan ránṣẹ́ tí ó sọ pé irin máa ń lẹ̀ mọ́ apá ẹni tí ó bá gbà á. Bàbá lọ gba tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé abọ́ ṣíbí jáde, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì pe gbogbo òpópó.

"Ẹ wá fi ojú ara yín rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba irọ́ gbọ́!"

Ó gbé ṣíbí lé apá. Ṣíbí náà lẹ̀ pẹ́kí. Ó gbé òmíràn lé e. Ó lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì pàápàá lẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" ni Alhaja ké. "Bàbá ti di mágínẹ́ẹ̀tì!"

"Òrí ni! Apá ń dùn mí, òrí ni mo fi pa á!"

Àwọn ènìyàn ti sá tán. Bàbá wọlé láti gba ohùn àlàyé sílẹ̀. Ó kí onílé, ó kí ayálégbé, ó kí gbogbo àwọn tí ara wọn kò yá. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ kí ó tó dé ibi òrí.

Ohun tí òpópó kò mọ̀ ni pé Alhaja fi ìbòrí bo ojú ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ náà. Ẹ̀rù ikú bà á ju ẹ̀rù irin lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀ níwájú ilé, ó sì rí i pé bàbá dúró sí òdìkejì gọ́tà, ó ń wo ọwọ́ òsì náà bí ẹni tí ń wo inú àmù. Bí ó bá gbé e sórí Wáásáàpù, ojú yóò ti Alhaja dé Ìpájà. Bàbá sún mọ́ ọn díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Alhaja, ẹ má fi òrí pa á o."

Kò tún sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí ó fi kú.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kan tún wà tí kò dé orí Wáásáàpù. Ní Ramadan ọdún kónílé-ó-gbélé, Fàdìlàt kò lè ti Ìlọrin wá, mọ́ṣáláṣí wà ní títì, Alhaja sì ń dá ṣínu ní ilé tí ó ti máa ń kún fún ènìyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró ọ̀pá lára géètì. Bàbá ti gbé àwo kan sórí pákó tí ó wà lórí gọ́tà, ẹ̀kọ mímu gbígbóná àti àkàrà, ó sì ti fà sẹ́yìn. "Alhaja, oòrùn ti wọ̀. Ṣé ẹ ti fọ ọwọ́?" Alhaja ní kòrónà kò sí. Bàbá ní kí ó fọ ọwọ́ fún èyí tí kò sí. Alhaja fọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì gbé àga jáde, ẹnì kan ní apá ibí gọ́tà, ẹnì kejì ní apá ọ̀hún, wọ́n sì ń bá ara wọn jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ààwẹ̀ fi parí. Ìyàwó bàbá ti kú tipẹ́, Olútáyọ̀ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní Àbújá.

Kòrónà lọ, àwọn ènìyàn sì jáde. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Bàbá Wolé-wolé ni pé bí àrùn bá lọ, àwọn tí ń bá a jiyàn nípa rẹ̀ yóò lọ pẹ̀lú. Ìpolówó ọjà àti àdúrà ọjọ́ Ajé kún gúrúùpù. Bí ó bá fi ohùn ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í ṣí i mọ́, àfi Alhaja. Síbẹ̀, ó ń gbé garawa jáde láràárọ̀, ó ń pọn omi sí i, ó sì ń jókòó tì í. Gbogbo ènìyàn ń kọjá. Alhaja nìkan ló ń yà fọ ọwọ́, ó sì máa ń sọ pé ẹ̀rọ omi òun ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ omi rẹ̀ kò bàjẹ́ rí.

Ikú ogbó ni bàbá kú, kòrónà kọ́ ló pa á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Alhaja ṣí fèrèsé tí kò rí garawa níta, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, Fawas tún pè. Alhaja kò gbé e. Ó jókòó sí iwájú géètì rẹ̀, ó kọjú sí ilé bàbá tí ayálégbé tuntun ń gbé báyìí, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ fóònù láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin onílé, ẹ kú ilé. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kú ìfaradà. Ìyá Esther, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣàíbù, o kú ìbẹ̀rù, máa padà bọ̀. Happiness, kú àbọ̀ sí Èkó, kú àárò ilé. Fawas, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ nọ́ńbà yẹn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ tí mo fẹ́ sọ ni pé..."

Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ, ọ̀rọ̀ náà sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ nínú gúrúùpù. "Bàbá Wolé-wolé rèé o!" ni Goodluck kọ. Ìyá Esther, tí kò kọ nǹkan kan yàtọ̀ sí àdúrà láti oṣù pípẹ́, kọ ọ́ pé òun ń sunkún, òun sì ń rẹ́rìn-ín. Fawas kọ ọ́ pé, "Mo ti gbọ́ mà. Mi ò ní yọ ọ́." Lẹ́yìn náà, orúkọ Bàbá Wolé-wolé tún yọ sójú fóònù, ohùn ọmọbìnrin kan sì wà nínú rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, mà. Látìgbà tí mo ti dé Èkó, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ?"

Garawa tí Alhaja bẹ̀ gbà lọ́wọ́ Olútáyọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, omi ń kán díẹ̀díẹ̀ ní ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tún tẹ fóònù, ó sì dì í mú gírígírí.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? Ó yá, kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ ná."