Bí Mo Ṣe Fi Káún àti Bátìrì Jí Maṣíìnì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ wá mẹkáníìkì ọ̀kadà tó lè bá mi fọwọ́ sọ̀yà ní Èjìgbò, ẹ ò ní rí i. Irin mọ̀ mí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé orí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wá nígbà tó ti Àbíjàn dé. Òjò pa maṣíìnì náà lójú ọ̀nà, ó dógùn-ún, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò yí mọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, oko ìdílé wa ní Ìsúndùnrìn ló kù fún ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún rẹ̀ ò sì gba ọkọ́ mọ́.

Mo tú u. Mo ti wo fídíò òyìnbó kan tó fi iná bátìrì bọ́ ìpáàrà lára irin. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ojú mi gbọ́. Ó da nǹkan funfun kan sómi. Mo ní káún nìyẹn, irú èyí tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà. Mo gún un, mo pò ó mọ́ omi nínú ike, mo ki irin àlòkù kan tó ti dógùn-ún bọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. “Sípánà ẹ ni kó o kọ́kọ́ fi dán an wò.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fọkàn tán mi ni?”

“Mo fọkàn tán ẹ. Sípánà ẹ dà?”

Mo so wáyà pupa bátìrì ọ̀kadà mọ́ sípánà, mo tì í bọ omi, mo so dúdú mọ́ irin àlòkù. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó. Kí n tó kírun Àláásárì dé, omi ti pọ́n bí epo, ẹnu sípánà mi ti rí jágajàga.

“Sé gaté!” ni ẹ̀gbọ́n mi fi èdè Àbíjàn kígbe, ìyẹn ni pé ó ti bàjẹ́. “Irin mọ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó mọ̀ ẹ́, ó sì ń sá fún ẹ!”

Irin àlòkù ni mò ń wò. Ìpáàrà ara rẹ̀ ti ń ṣí! Ojú ẹsẹ̀ ló yé mi: pupa ló ń jẹ irin, dúdú ló ń wẹ̀ ẹ́. Ta ló kọ́ mi? Kò sẹ́ni kankan.

Mo yí wáyà padà, mo kó irin maṣíìnì sómi. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìpáàrà ti di ẹrẹ̀ dúdú, búrọ́ọ̀ṣì lásán ló gbá a kúrò. Mo tò ó padà, mo kán òróró sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Òun fúnra rẹ̀ yí i. Kẹ̀kẹ́ náà kọ́kọ́ ké, ó wá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ki etí ìborùn rẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó rán an, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ojú rírán náà gún régé.

Mò ń dúró kó yìn mí.

“Kí lò ń wò?” ló ní. “Lọ bá mi pe káfíńtà wá. Tábìlì ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kó kàn.”