Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí A Fẹ́ Kọ sí Adájọ́ Íńdíà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó rò pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ní Peckham, nílùú Òyìnbó níbí, kò ṣi ẹsẹ̀ gbé rí, ẹ gbọ́ tèmi. Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni, èmi ni akọ̀wé. Meena, nọ́ọ̀sì ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Camberwell, ló wá bá wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló léwájú nínú ìyanṣẹ́lódì nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Íńdíà lọ́hùn-ún, ni fọ́máànù bá fi irin ṣẹ́ ẹ lápá. Ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹ́rìí, adájọ́ sì ní fọ́máànù kò jẹ̀bi, kó máa lọ sílé.

Òfin ibẹ̀ gba ẹni tí wọ́n lù láyè láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fún un láti pè é níye. Fúnkẹ́, lọ́yà tí wọ́n bí síhìn-ín, kìlọ̀ fún wa.

"Uncle, please, judge ò lè gba petition. Kí wọ́n file appeal yẹn first. Deadline wà o!"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọmọdé ń ṣe ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú rẹ̀ ṣe. Tí adájọ́ bá rí orúkọ àgbààgbà lóríṣiríṣi, á tún inú rò."

Mo yíjú sí Meena, mo ní kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ṣì dúró dè wá.

Ìpàdé wá di ìpàdé! Alhaji inú ẹgbẹ́ wa á fi àdúà ṣí i, Wòlíì á ní òun náà gbọ́dọ̀ gba tòun. Lẹ́yìn náà, ìjà: orúkọ ta ni yóò ṣáájú nínú ìwé, ti alága àná àbí ti alága òní? Ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, lórí orúkọ! Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú tún ń bí mi, pàápàá sí ara mi.

Ìwé náà kò tíì kúrò ní Peckham tí Meena fi dé.

"Wọ́n ti da ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi nù, Uncle. Wọ́n ní ó pẹ́ kó tó dé. Wọ́n bi í pé kí ló ń dúró dè."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ìwé yín."

Lónìí, ẹgbẹ́ wa máa ń béèrè ọjọ́ tí òfin dá kí ẹnikẹ́ni tó ṣàdúrà. Èrè wa kò ju ìyẹn lọ. Fọ́máànù ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, apá ọkùnrin yẹn kò sì nà mọ́. Èmi tó mọ bí a ṣe ń bẹ adájọ́, mi ò tíì pe ẹ̀gbọ́n Meena láti bẹ̀ ẹ́.