Ẹ̀bẹ̀ Tí Oníbààlúù Bẹ̀ ní Múṣin

Akọ̀wé lọ́yà ni mí ní Yábàá nígbà yẹn, ní ọdún mélòó kan ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Mò ń wọ kọ́là onísítáàṣì, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ tán. Ọ̀gá mi, tó kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé ohun tí mo mọ̀ kò ju orúkọ mi lọ.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó oníkòkó kan wọlé tọ̀ wá. Ó ní bààlúù kékeré pupa kan, tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tó máa ń fi ṣeré lófurufú ní gbogbo Sátidé. Ìjọba fẹ̀sùn kàn án pé ó fò sún mọ́ ilẹ̀ jù lórí ilé àwọn èèyàn ní Múṣin. Bí ó bá jẹ̀bi, wọn yóò gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ pátápátá. Àwọn lọ́yà òyìnbó kò fẹ́ gba ẹjọ́ rẹ̀, nítorí àwọn àti ọ̀gá ìjọba tó fẹ́ gbọ́ ọ ni wọ́n jọ ń ta káàdì.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ká a lára tó bẹ́ẹ̀, ṣebí kì í ṣe bààlúù ló ń bọ́ ọ. Ó ní láti àárọ̀ Mọ́ńdè ni gbogbo ayé ti ń bi òun ní iye tí òun ń ra kòkó. Òkè nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í bi òun ní nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ayé máa ń sú òyìnbó bíi tiwa.

Ọ̀gá mi ní ẹjọ́ náà kò le. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ìjọba ní, màmá aláró kan ní Múṣin, ta ni yóò sì gbà pé ó mọ bí bààlúù ṣe ga tó? Kí òyìnbó ṣáà ti panu mọ́. “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́,” ó wí, ó sì tẹjú mọ́ èmi, kì í ṣe òyìnbó.

Ó rán mi lọ sí Múṣin kí n lọ gbọ́ ohun tí màmá máa sọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i.

“Màmá, kí ni òyìnbó yẹn ṣe yín gan-an?”

“Mò ń wẹ̀ ni, ọmọ mi. Balùwẹ̀ wa ò lórùlé. Mo fọ ọṣẹ kúrò lójú báyìí, òyìnbó rèé lórí mi! Mo rí awò ojú rẹ̀. Adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ lẹ́yìnkùlé wa, kó tó gùn, á ké, ká lè daṣọ bora. Ta ló ké fún mi? Kò sì wá bẹ̀ mí títí dòní!”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Yábàá. Ṣé ohun tó ń bí i nínú ò ju ìyẹn lọ? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀gá mi kò bá mọ ìyẹn, Lọ́ńdọ̀nù ló fà á. Lọ́jọ́ kejì, láì sọ fún un, mo mú òyìnbó lọ sí Múṣin, mo sì kọ́ ọ lójú ọ̀nà ní ohun tí yóò fi Yorùbá sọ. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú iyanrìn.

“Ẹ má bínú, mà. Mo fò sún mọ́ ilẹ̀ jù. Mo rí yín.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fún un ní ọsàn mẹ́fà. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, òun fúnra òun ni yóò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Mò ń súfèé bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ara ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ kò yá, wọ́n ní kí n bá wọn túmọ̀. Wọ́n fún mi ní Bíbélì, mo búra. Màmá dìde, kò dúró de ìbéèrè.

“Ẹ fi í sílẹ̀ o! Ó ti wá bẹ̀ mí. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fò sún mọ́ ilẹ̀ jù, pé òun rí mi. Ọmọ dáadáa ni. Mo ti dárí jì í.”

Ọ̀gá mi fọwọ́ bo ojú. Òyìnbó ń rẹ́rìn-ín sí màmá. Ọ̀gá ìjọba gbé kálàmù sókè, ó bi mí ní ohun tí màmá wí.

Mo lè sọ pé ó ti dárí jì í nìkan, kí n sì jókòó. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n mo ti búra, wọn kò sì tọ́ wa láti máa fi Bíbélì ṣeré nílé wa. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì mi kò sì tíì já gaara tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá ìjọba bi òyìnbó bóyá òótọ́ ni. Òyìnbó ní òótọ́ ni. Ọ̀gá ìjọba na ọwọ́. Òyìnbó fa ìwé láísẹ́ǹsì rẹ̀ yọ nínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Èmi ni mo mú un lọ bẹ̀bẹ̀, èmi náà ni mo fẹnu mi ro ẹjọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Níta, ó di ọwọ́ mi mú.

“Wọ́n ti fi í sílẹ̀, àbí?”

Mo wo èékánná rẹ̀ tí aró ti pa dúdú.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ẹ ṣeun.”

Irọ́ gbuu ni, n kò sì tíì tọrọ ìdáríjì nítorí rẹ̀ títí di òní. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì lọ bá òyìnbó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí i kú oríire. Òyìnbó wò mí, ó ń retí kí n túmọ̀. N kò túmọ̀. Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, mà.”