Orúkọ Tí Mo Sọ Ọmọ Risikátù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le koko, ẹ̀rọ kan ké, mo sì sáré lọ bá ẹ̀rọ náà. Mo ń tẹ ibí, mo ń tẹ ọ̀hún. Mètírọ́ọ̀nù wa, obìnrin Ẹ̀fọ̀n kan tí kì í pariwo ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ta bí ata, rọra fà mí lápá. Ó ní, “Ṣé ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn ni? Ènìyàn ni kí o kọ́kọ́ wò.” Aláìsàn kàn ti fi ọwọ́ gbá wáyà kúrò láyà ni. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí oṣù fi parí.

Ẹni tí a bá fún lóògùn oorun, tí ẹ̀rọ ń bá a mí, Mètírọ́ọ̀nù kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án láìkí i. A óò ní ẹ káàárọ̀ sà, a fẹ́ yí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn yín má bàa dégbò, ẹ má bínú, omi yìí tutù díẹ̀. Àwọn dókítà tuntun a máa rẹ́rìn-ín wa. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dénú eegun. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí àárò rẹ̀ ń sọ mí ju ti iṣẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ n kò fojú rí i rí.

Ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé wá bá wa. Risikátù ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìdó-Ilé, tí ọkọ rẹ̀ tó wá láti Ìwó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ní Aramọkọ níbí. Gìrì aboyún ló gbé e. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé ọmọbìnrin jáde láàyè, ṣùgbọ́n ìyá kò jí.

Ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀, àwọn ará ilé ọkọ sì ti ra àgbò. Ìyá Risikátù, tó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà wa láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ dé, ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “A à níí sọmọ lórúkọ lúlé kí yeye rẹ̀ má gbọ́.” Àna rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù yé mi. Bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti gbà pé kò ní í dìde mọ́.

Mo dábàá pé kí a fi fóònù gbé ìsọmọlórúkọ náà dé etí Risikátù. Èèwọ̀ ni fóònù lẹ́bàá ibùsùn lọ́dọ̀ wa. Mètírọ́ọ̀nù mú fóònù mi, ó fi sípíríìtì nù ún fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà bá ká ẹní rẹ̀, ó lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, nílé lọ́hùn-ún, wọ́n tẹ́ ìborùn Risikátù sórí àga tó yẹ kó jókòó sí, wọ́n sì gbé ọmọ lé e. Lọ́dọ̀ wa, èmi gbé fóònù sẹ́bàá etí Risikátù. Mo kí i bí ìṣe wa, pé Risikátù, ẹ kú ewu ọmọ, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ṣàdúrà, ó pe ọmọ ní Àíṣátù. Àwọn ẹbí ń sọ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe parí, ohùn ìyá àgbà ni mo tún gbọ́.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì í, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tiyín.”

Ọlọ́run kò fún mi lọ́mọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, n kì í la ẹnu, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé kí ló kan àgàn. Mo wo Mètírọ́ọ̀nù. Ó ní kí n dáhùn, wọ́n ń dúró dè mí.

Mo ní, “Ìyádùnní.”

Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu mi, wọ́n sì ṣe àmín. Ẹ óò fẹ́ kí n sọ pé ìka Risikátù mì. Kò mì. Èmi ni mo ń sunkún, Mètírọ́ọ̀nù sì ní kí n nu ojú mi, ó ti tó àkókò láti yí aláìsàn.

Ó jí nígbà tó yá. Lọ́jọ́ tí a yọ ẹ̀rọ kúrò, ohùn rẹ̀ ti ha, ó ní, “Ọmọ mi dà?” Mo ní ó wà nílé, ó ń mu wàrà. Ojú rẹ̀ kọjá lára mi bí ẹni wo ògiri. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, oògùn oorun kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ wá. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni àwọn ẹbí rẹ̀ sì kó iṣu Ìdó-Ilé wá láti dúpẹ́. Wọ́n ní ìyá àgbà kò fẹ́ fojú kan ẹnu ọ̀nà tiwa mọ́ láé. N kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó dùn mí.

Mo mọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Mo máa ń gba iwájú ibẹ̀ lọ sọ́jà, n kì í yà. Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣe ni. Kí ni n óò tilẹ̀ sọ pé mo wá ṣe?

Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ iléèwé bá ń kọjá níwájú ilé mi láàárọ̀, tí mo bá rí ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti ọmọ Risikátù, mo máa ń pe orúkọ náà, jẹ́ẹ́jẹ́, kí àwọn aládùúgbò má bàa gbọ́. Mo mọ̀ pé ó lè má sí ẹni tó ń fi í pè é. Títí di àárọ̀ yìí, kò tíì sí èyí tó bojú wẹ̀yìn.