Káàdì Méjì Lójú Fèrèsé Ilé Ìtẹ̀wé Wa

Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba fún alágbádá, tí ariwo ìwé ìpolongo ìbò ti rọlẹ̀ ní òpópónà Bajulaiye ní Ṣómólú, ilé ìtẹ̀wé bàbá mi dákẹ́ débi pé mo máa ń rò pé mò ń gbọ́ eruku tó ń bà sórí bébà. Bí mo bá rántí àwọn ọ̀sán ìgbà náà, bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú àlá ni mo ṣe ń rí ara mi: oòrùn ọyẹ́, òórùn íǹkì, àti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń lò.

Ọmọ àwọn apẹja Bàrígà ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, òun kọ́ PHP, èmi kọ́ ASP, agídí sì ni àwa méjèèjì.

"Tèmi ọ̀fẹ́ ni," á ní. "Ibi gbogbo ló ti lè ṣiṣẹ́. Tìẹ, ilé olówó nìkan ló ń gbé."

"Tèmi bá kọ̀ǹpútà yìí wá látilé ni. Tìẹ, àlejò ni!"

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹnì kan bá béèrè ojú ewé, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti máa sè é, wọ́n á wá gbé e jáde ní gbígbóná. Oníbàárà kì í wọ ilé ìdáná, oúnjẹ ló ń rí.

Bàbá mi fẹ́ kí oníbàárà lè tẹ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sínú kọ̀ǹpútà, kí káàdì ìgbéyàwó wọn sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan péré ni wọ́n lè gbà síṣẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti sọ pé bí iṣẹ́ yìí ò bá bọ́ sí i, kó padà sétí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, kó lọ máa bá ẹ̀gbọ́n àwọn ta ẹja. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ borí.

Bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀rọ tuntun wò ní Ṣómólú ni bàbá mi ṣe dán wa wò. Wọ́n fún wa ní àpẹẹrẹ káàdì olódòdó kan, wọ́n sì kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó kan fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, bí oníbàárà ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà fún mi. Màá gbé ọ̀kan lé èkejì, màá nà án sí oòrùn. Èyí tó bá wọ́ á fara hàn."

Kóòdù mi, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo wá ṣe ohun tí ọmọ atẹ̀wé mọ̀: mo fín orúkọ náà mọ́ ojú ewé gbagidi, bí ẹni fín in sára pléètì, páànù pẹlẹbẹ tá a fi ń tẹ̀wé, tí ohun tó wà lára rẹ̀ kì í yí padà.

Bàbá mi gbé bébà méjèèjì sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá, lẹ́tà bo lẹ́tà, òdòdó bo òdòdó, títí bébà méjì fi di ẹyọ kan. Kí n má purọ́, ó rẹwà.

"Ṣé nítorí èyí lẹ ṣe ń jà? Ọ̀kan náà ni wọ́n!"

Nígbà tó ti jẹ́ ọ̀kan náà, ọmọ wọn ni wọ́n mú. Ọ̀rẹ́ mi kí mi kú oríire, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó lọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọkọ àti ìyàwó ojú ọ̀nà kan fi wọlé. Bàbá mi fọwọ́ ara wọn tẹ orúkọ àwọn tuntun náà. Orúkọ àwọn àkọ́kọ́ ló jáde. Wọ́n tún un tẹ̀, àwọn náà ló tún jáde. Wọ́n wò mí. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Mo forí lé Bàrígà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ń yan ẹja létí omi, èéfín ti bo ọ̀sà débi pé n kò rí òdìkejì.

"Ẹ káàsán, mà. Mo wá bẹ ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ó ti lọ sétí òkun láti ọjọ́ Ẹtì."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n yí ẹja kan padà lórí iná.

"Ó sọ fún mi. Ó ní òun ti rí i nínú kọ̀ǹpútà yín kí bàbá ẹ tó na bébà sí oòrùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wí. Ó ní òun ò lè dójú tì ẹ́ níwájú bàbá ẹ."

Mo jókòó tì wọ́n, mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní èéfín náà ló pọ̀ jù, kí n sún sẹ́yìn.