Ohun Tí Ojú Irun Mi Rí Ní Balùwẹ̀ Ìsọlọ̀

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù, kí n ròyìn bí irun orí mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà kan. Mi ò kánjú, ẹ̀yin náà ẹ má kánjú.

Ìgbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ ìlú ni. Gbogbo ayé ló ń rọ́ wá sí Èkó. Èmi wá láti Ìsẹ́yìn, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Mo ríṣẹ́ sí fákítírì aṣọ kan ní Ìsọlọ̀, mo sì gba yàrá kan nínú ilé oníyàrá méjìlá nítòsí ibẹ̀. Yàrá méjìlá, balùwẹ̀ kan ṣoṣo! Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìdí ẹ̀rọ tó ń ran òwú ni wọ́n fi mí sí. Tí mo bá fi máa jáde níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ̀n òwú á ti bo gbogbo orí mi bíi ti arúgbó. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi á máa kí mi pé ẹ kú àgbà o, Màmá. Inú máa ń bí mi. Ni mo bá pinnu pé ojoojúmọ́ ni n ó máa fọ irun mi bí mo bá ń wẹ̀.

Kí ni mo fi ń fọ̀ ọ́? Ọṣẹ ìfọṣọ. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọṣẹ tó ń bó ìdọ̀tí lára aṣọ iṣẹ́, ṣé irun ló wá máa le fún un ni? Irun òwú ni mo sì ń ṣe nígbà náà, èyí tí wọ́n ń fi òwú dúdú wé ní ìdì ìdì. Mi ò ní tú u o. Bó ṣe wà lórí náà ni n ó da omi gbígbóná lé e, tí n ó fi kànìnkànìn ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Kí n tó ṣan ọṣẹ kúrò, ẹni tó kàn á ti máa gbá páànù ilẹ̀kùn pé ṣé oorun ni mò ń sùn níbẹ̀. N ó da igbá omi kan péré lé e, n ó we síkáàfù mọ́ irun tó ṣì tutù, ó parí.

Mo mọ́ tónítóní lójú ara mi!

Ìyá Bọ́sẹ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń bá mi ṣe irun náà lọ́sẹ̀ méjì méjì. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó ń tú òwú lórí mi, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ló bá dáwọ́ dúró. Ó na ọwọ́ síwájú mi, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, wo èyí." Òwú dúdú ni, odidi ìdì irun mi sì wà nínú rẹ̀, ó bá a jáde. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ orí mi lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ń dán bí ẹ̀yìn igbá.

Ẹ má gbàgbé pé mo ti ní àfẹ́sọ́nà. Jímọ̀ lorúkọ rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn bíi tèmi. Onídìrí tí gbogbo ìlú mọ̀ ni ìyá rẹ̀. Màmá yìí sì ti ránṣẹ́ pé tí ọjọ́ yìgì wa bá kù díẹ̀, òun á wá sí Èkó, ọwọ́ ara òun lòun á fi di irun ìyàwó fún mi. Ó ku oṣù mẹ́jọ péré. Orí wo ni n ó gbé fún un?

Ohun tí mo wá rò lẹ́yìn náà, ojú ṣì ń tì mí láti sọ ọ́. Mo bi ara mi pé ọwọ́ ta ló ń wọ irun mi? Ọwọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ni. Ọkàn mi sì dáhùn fún mi pé òun ló ń fi ọwọ́ burúkú ba irun mi jẹ́. Mi ò bá a jà o. Mo kàn ń yọ́ lọ sí Apákún lọ́dọ̀ onídìrí mìíràn. Tí Ìyá Bọ́sẹ̀ bá kí mi ní kọ́rídọ̀, ọ̀nà ọ̀fun ni mo ti ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan ó bi mí ní pẹ̀lẹ́ pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọwọ́ mi ló ń rùn ni?" Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn.

Irun sì ń já ní Apákún náà! Ṣé ó yẹ kí n ronú? Mi ò ronú. Mo ní ọwọ́ burúkú náà ti tẹ̀ lé mi débẹ̀ ni. Mo ra wíìgì, mo fi bo àṣírí.

Ìyá Mùtíà ló gbà mí. Òun ni ìyá onílé wa, ọmọ bíbí Ìsọlọ̀. Lọ́jọ́ kan, omi balùwẹ̀ ò lọ mọ́, Màmá fi igi gbọ́n ihò rẹ̀, irun ló dí i, èmi nìkan ló sì ń fọrun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n pè mí. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde, kí n tó sọ gbogbo ohun tí mo rò nípa Ìyá Bọ́sẹ̀. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí n lọ gbé búkẹ́ẹ̀tì mi wá kí n wẹ̀ lójú àwọn.

Èmi àgbà ọmọge! Màmá dojú búkẹ́ẹ̀tì kan délẹ̀, wọ́n jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní, "Lóòótọ́, ẹnì kan ló ń ba irun ẹ jẹ́. Mo ti rí i. Òun ló di kànìnkànìn mú yẹn."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán Sunday tí balùwẹ̀ bá ṣófo ni mò ń fọrun, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Màmá kọ́ mi pé kí n tú irun tán ná, kí n fi òrí pa á, kí n fi ìka yà á láti ẹnu rẹ̀ wá sí ìdí. Ọṣẹ dúdú díẹ̀ tí mo ti pò mọ́ omi ni kí n lò, orí ìka ni kí n fi ra awọ orí, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí n fi ṣàn án títí omi á fi mọ́. Aṣọ àlòkù ni kí n fi tẹ omi rẹ̀ gbẹ, kí n má ha á. Wọ́n ní ẹni tó bá fi òwú wé irun tutù ń sin ín láàyè ni! Ní àwọn ọjọ́ yòókù, mò ń fi náílọ̀n bo orí wẹ̀. Ní fákítírì, síkáàfù méjì ni mò ń wé kí òwú má baà wọlé.

Ìyẹn rọrùn. Ẹ̀bẹ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ ni kò rọrùn. Ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo lọ kúnlẹ̀ fún un, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tó pẹ́, ó ti àtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ṣí fìlà òyìnbó yẹn kúrò, kí n wo orí náà." Kò fi òwú kan irun mi mọ́ títí tó fi sàn. Ó ń rọra dì í, kò fà á.

Ìyá Jímọ̀ dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí yìgì. Irun ẹ̀gbẹ́ orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tó gígùn ìka ni. Wọ́n mú òòyà, ọwọ́ wọn débẹ̀, ó dúró. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe ibí. Mo rò ó láti parọ́, àmọ́ irọ́ wo ni mo fẹ́ pa fún onídìrí? Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí mo ṣe sí Ìyá Bọ́sẹ̀.

Ìyá Jímọ̀ ń fi àtàǹpàkò ra irun kékeré náà. Wọ́n wá ní, "Ẹni tó tọ́jú èyí mọ iṣẹ́. Pè é wá."

Bí wọ́n ṣe pín orí mi sí méjì nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ń di apá ọ̀tún, Ìyá Bọ́sẹ̀ ń di apá òsì, wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà lókè orí mi. Nígbà tí ṣùkú náà parí, mo mú dígí, mo wá ibi tí ọwọ́ ti yàtọ̀. Mi ò rí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó wá ẹni tó ń ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín. Irun ò fẹ́ agbára, sùúrù ló fẹ́. Ó sì máa ń padà hù, gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ àárín èèyàn méjì, tí a bá tètè bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ẹ ti fi fọrun rí tí ẹ kábàámọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo ní àkókò láti kà á.