Àwòrán Ọnọrébù Tó Dijú

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe jẹun ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ìkirè. Ẹni tó bá ti ka ìròyìn sétí aráyé rí, àwọn tó bá a nídìí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó sinmi. Ọmọ àbúrò mi kan, obìnrin tó ti lọ́kọ, ló ń ṣe ètò òwúrọ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan nítòsí wa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń sá wá.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ti bọ́ agbádá, mo ń wá ṣòkòtò tí mo fi ń jókòó nílé, ló bá wọlé.

"Bàbá, ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

Ó na fóònù sí mi. Wọ́n ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i. Ọnọrébù kan tó ń ṣojú àwọn èèyàn wa, tí ilé rẹ̀ wà ní Àpòmù, ni mo rí lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó dijú pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta wú bí iṣu. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ó ti dákú, pé kò mọ ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ mọ́.

Ó ti pẹ́ tá a ti rí ọkùnrin náà gbẹ̀yìn. Afárá tó lọ sí oko lápá Orílẹ̀-Òwu ti já, àwọn àgbẹ̀ ń ru ẹrù gba inú odò, wọ́n ń wá a, wọn ò rí i. Ọmọ yìí wá ní òun fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.

"Ẹni tá a dìbò fún ni, Bàbá. Ṣé a ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ni?"

Mo gbé awò sójú, mo tún àwòrán náà wò. Ìyàwó ọnọrébù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, òun náà dijú. Nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́yìn, ó gbé abọ́ oògùn dání, òun náà dijú.

"Ṣé gbogbo wọn ló dákú ni?"

Ó gba fóònù, ó fẹ àwòrán náà lójú. "Háà! Àdúrà ni wọ́n ń gbà!"

"Ta wá ló ya àwòrán?"

"Ẹni tó ń darí àdúrà ni," ló wí, ó sì jókòó wọ̀ọ̀.

Ẹ ò rí nǹkan. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, èèyàn kì í kí aláìsàn kó má gbàdúrà fún un, ẹni tó ń ṣàmín kì í sì í lajú sílẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ ké àgò fún onílé ná. A wọ kẹ̀kẹ́, kò pẹ́ tá a fi dé Àpòmù.

"Àgò onílé o!"

Ìyàwó ọnọrébù yọjú, kò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá kọjú sí ọmọ mi. "Bó o bá jẹ́ àlejò, wọlé. Bó o bá jẹ́ rédíò, àgò ò tíì yà."

"Rédíò ni mí, mà."

Obìnrin náà wò ó títí. "O ò tiẹ̀ parọ́. Oníròyìn tó wá bá wa ní ọsibítù lọ́jọ́sí, ọsàn ló gbé wá. Àdúrà rẹ̀ gùn, èmi náà ń ṣàmín kíkankíkan. N ò mọ̀ pé fọ́tò ni mò ń ṣàmín sí!"

Ó gba fóònù ọmọ náà, ó há a sídìí ìró, ó ní ká máa bọ̀.

Ọnọrébù wà lórí àga, ó bọ ẹsẹ̀ sínú abọ́ omi, ojú rẹ̀ là kedere. Ó ní wọ́n ti dá òun sílẹ̀ ní ọsibítù. "Ẹ bá mi sọ fún wọn lọ́la pé mo rìnrìn àjò."

"N ò ní sọ ohun tó ń ṣe yín, sà," ọmọ náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n n ò lè sọ pé ẹ rìnrìn àjò. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni ẹni táwọn àgbẹ̀ máa bá sọ̀rọ̀ afárá."

"Bó o bá béèrè ìyẹn, àwọn tó ń wá àga mi á mọ̀ pé àga ṣófo."

"Ó kúkú ṣófo, sà."

Inú bí ọkùnrin náà, ó yíjú sí mi. "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ sí mi?"

Mo ní mo gbọ́. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀, tòun àti dókítà rẹ̀ ni. Afárá, ti gbogbo wa ni. Ìyàwó rẹ̀ ló sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dá fóònù ọmọ náà padà fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà ṣe bó ṣe wí. Ó ní ọnọrébù ò lè dé ibi iṣẹ́ lásìkò yìí, ta ló ń bá a bójú tó o?

Ẹnì kan pè wọlé. "Kí ló ń ṣe é gan-an?"

Ó ní ìyẹn ò sí nínú ètò tòun.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ti lọ jẹyán nílé wọn nìyẹn!" Onítọ̀hún gbé fóònù sílẹ̀.

Àwọn oníròyìn mìíràn ò dúró wádìí, wọ́n gbé àwòrán náà sórí ayélujára. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti di pé ó ti kú, àwọn kan ti wọ́ lọ sí Àpòmù láti kí ìyàwó kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n bá ọkọ lórí àga, ó ń jẹ ẹ̀kọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọnọrébù pe ètò náà fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ò dá a mọ̀. Ó ní òun ń ṣàìsàn, òun ò kú. Ó sọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá nítorí afárá títí ara òun á fi le. Kò sọ orúkọ àìsàn, ọmọ àbúrò mi ò sì bi í.

Wọ́n ti fi pákó tún afárá ṣe. Ọnọrébù ò tíì yọ́nú sí ọmọ náà. "Ọmọ yín ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn" ló ń pè é. Bí èmi bá pàdé rẹ̀, mo máa ń bi í pé ara ńkọ́, á ní ara ń bọ̀ sípò. Ibẹ̀ náà ni mo máa ń mọ, n kì í bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ.